Fláàṣì Kì í Ṣe Oògùn Kọ̀ǹpútà Tó Ń Wọ́ Bí Ìgbín

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi kò ní í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti pa mí lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan lójú ìpàdé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó pa mí lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n kálàmù mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi fún yín, kí ẹ̀yin náà wá dá a.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ sílé, ní Ìrèsì wa. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ fún mi pé àwọn òbí mélòó kan fẹ́ ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ wọn. Ó ní, "Ìwọ tí o máa ń kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn, ó yẹ kí o bá wa débẹ̀." Mo ju àpò mi sílẹ̀, mo tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Onínúure kan ni ó fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ 8 ránṣẹ́ láti òkè òkun, kí àwọn ọmọ lè máa fi dánra wò fún ìdánwò JAMB. Èrò rere ni. Ẹ rántí pé láti 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó sì di 2015, wọ́n pa ti orí bébà rẹ́ pátápátá. Láti ìgbà náà, ọmọ tí kò bá mọ bí a ti ń di kọ̀ǹpútà mú, bí orí rẹ̀ ti wù kí ó pé tó, ìyà ni yóò jẹ ẹ́. Ìbéèrè 180 ni wọn yóò kó síwájú rẹ̀, wákàtí 2 péré ni wọn yóò sì fún un. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ti ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà 8 tí mo ń wí yìí, háà! Bí ẹ bá tan ọ̀kan nínú wọn, ẹ lè jáde lọ ra àkàrà, kí ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ fọwọ́, kí ẹ sì padà dé kí ó tó jí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń múra sílẹ̀ fún JAMB wà lára àwọn tí ń lò ó. Wákàtí kan ni wọ́n ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nítorí èrò pọ̀. Ó sọ fún mi pé, "Bàbá Kékeré, kó tó tàn, kó tó ṣí, ìdajì wákàtí mi ti lọ. Tí mo bá wá tẹ ìdáhùn, ńṣe ni màá jókòó, màá máa wò ó." Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tí wọn yóò fún ní ìṣẹ́jú-àáyá 40 lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀rọ tí ń fi ìṣẹ́jú ṣeré ni a fi ń kọ́ ọ.

Ìdí tí a fi pe ìpàdé nìyẹn. Àwọn òbí ti dá owó jọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, kí ni ká fi owó náà ṣe?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá dìde. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Oògùn rẹ̀ rèé." Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fláàṣì kan jáde tí kò ju ọmọ-ìka lọ. Ó ní bí a bá ti ki í bọ ihò USB, tí a tẹ ibì kan báyìí, kọ̀ǹpútà yóò máa sáré bí ehoro ni. Fláàṣì 8 fún kọ̀ǹpútà 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 64 GB, òun yóò sì dín owó rẹ̀ kù fún wa nítorí ọmọ wa ni òun náà. Inú gbogbo ilé dùn. Ìyá kan tilẹ̀ ti ń súre fún un.

Mo nawọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: "Àbúrò, kí ni ó ń mú kí àwọn kọ̀ǹpútà yìí máa wọ́ gan-an? Ṣé o ti ṣí ọ̀kan wò?"

Kí ó tó dáhùn, ọ̀gbẹ́ni kan tí ó jáde ní yunifásítì ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ìwé ìròyìn lẹ mọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwa tí a kà á." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mi bọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé fláàṣì ni àwọn yóò rà, wọ́n sì fi sísan owó di ìpàdé tí ń bọ̀.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ilé ìwé sẹ́kẹ́ńdìrì ni mo ti dúró lóòótọ́, n kò fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀rọ̀ jẹun, ohun tí n kò bá sì mọ̀, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Mo ti béèrè. Ohun tí mo rí nìyí.

N kò sọ pé irọ́ funfun báláú ni ọmọkùnrin yẹn pa. Bí ó bá jẹ́ irọ́ funfun ni, ìbá rọrùn. Ìdajì òtítọ́ ni ó sọ, ìdajì òtítọ́ ni ó sì máa ń ṣòroó bá jà jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣe àpèjúwe, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ọjà láàárín wa. Kọ̀ǹpútà dà bí ìyá kan tí ń tajà. Àtẹ tí ó wà níwájú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní RAM. Ohun tí ó bá wà lórí àtẹ, bí oníbàárà bá ti béèrè báyìí, ìyá á nawọ́ mú un. Yàrá tí ó ń kó ẹrù sí nílé ni háàdì dísìkì. Ẹrù pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá béèrè ohun tí kò sí lórí àtẹ, àfi kí ìyá dìde, kí ó rìn délé, kí ó wá a, kí ó sì gbé e wá. Bí àtẹ bá kéré jù, ọ̀nà ilé ni ìyá yóò máa rìn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ohun tí ń ṣe ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ń wọ́ nìyẹn. Kò sùn o, ọ̀nà ilé ni ó ń rìn.

Háàdì dísìkì yìí, àwo ni ó wà nínú rẹ̀, bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn bàbá wa ń gbé sórí giramafóònù. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, àwo náà máa ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan á sì máa sáré sókè sódò lójú rẹ̀ láti wá ohun tí a bi í. Wíwá kiri yẹn ni ó ń jẹ àkókò.

Fláàṣì ní tirẹ̀ kò ní àwo, kò ní apá. Ibi tí ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Àwọn ará Microsoft ní Amẹ́ríkà rò ó pé, bí a bá gbé agbọ̀n kékeré kan sábẹ́ àtẹ ìyá yìí, tí a kó díẹ̀ nínú ẹrù tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè sínú rẹ̀, ìrìn ilé rẹ̀ yóò dín kù. Agbọ̀n abẹ́ àtẹ yẹn ni fláàṣì. Orúkọ tí wọ́n sọ ètò náà ni ReadyBoost. Inú Windows Vista ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde, èyí tí ó dé ọjà ní oṣù kìíní ọdún 2007. Fláàṣì 256 MB péré ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.

Ọlọ́gbọ́n ni ẹni tí ó ronú rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n irú kọ̀ǹpútà wo ni wọ́n ronú rẹ̀ fún? Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kéré ni, èyí tí àtẹ rẹ̀ kò gba ju tòmátò mẹ́ta lọ. Ẹ wá gbọ́ ìdánwò kan tí wọ́n ṣe láyé ìgbà náà. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún kọ̀ǹpútà tí ó ní RAM 512 MB, ìṣẹ́jú-àáyá 11.7 ni ó fi ṣe é. Wọ́n ki fláàṣì 1 GB bọ̀ ọ́, iṣẹ́ kan náà di ìṣẹ́jú-àáyá 2. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yẹn, ijó ni yóò bẹ́ sí. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀ o. Láìlo fláàṣì rárá, wọ́n sọ RAM rẹ̀ di 1 GB, iṣẹ́ kan náà sì di ìṣẹ́jú-àáyá 0.8.

Ṣé ẹ rí i? Ní ibi tí fláàṣì ti lágbára jù lọ láyé, RAM ṣì nà án. Ẹni tí ń ta fláàṣì a máa sọ ìdajì àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí, á sì gbé ìdajì kejì mì bí òkèlè.

Àwọn tí wọ́n ṣe é pàápàá kò purọ́ fún wa. Láti Windows 7 tí ó jáde ní 2009, bí kọ̀ǹpútà bá ti ń lo SSD tí ó yára, kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín pé òun ti yára tó, pé ReadyBoost kò ní í ṣe òun lóore kankan. SSD yìí ni háàdì dísìkì ìgbàlódé tí kò ní àwo. Ó dà bí ìgbà tí ìyá wa kó yàrá ẹrù rẹ̀ kúrò nílé, tí ó gbé e wá sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ gan-an. Kí ni ó tún fẹ́ fi agbọ̀n ṣe?

Ẹ tún wo ojú ọ̀nà tí fláàṣì ń gbà. Ihò USB 2.0 tí ó wà lára àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò lè gbé ju 60 MB lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ó bá tilẹ̀ sa gbogbo agbára rẹ̀. RAM irú èyí tí wọ́n ń pè ní DDR3-1600 lè gbé 12,800 MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn. Ó lé ní ìlọ́po 200. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé fláàṣì ti di RAM. Ọmọlanke kì í di ọkọ̀ òfuurufú nítorí pé àwọn méjèèjì ń ru ẹrù.

Ó ku ẹnì kan tí yóò sọ pé, "Ó dáa, kódà bí kò bá ṣe oore púpọ̀, kò kúkú lè ṣe ibi." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n ro tèmi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra fláàṣì kan létí títì. Wọ́n kọ 64 GB gàdàgbà sí i lára, owó rẹ̀ sì wọ́lẹ̀ débi pé mo rò pé orí ló ṣe é. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà 5 ní agbègbè wa, tí mo ń gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí bí ayé ṣe rí nígbà èwe wọn, oko wọn, ìgbéyàwó wọn, oríkì ilé wọn. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà sínú fláàṣì yẹn, tí mo sì pa á rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè gbà mí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ jókòó kọ̀wé, orúkọ fáìlì wà níbẹ̀ rẹ̀rẹ, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí. Ẹni tí mo gbé e lọ bá ní Òṣogbo kàn wò mí tàánú-tàánú ni. Ó ní ayédèrú ni. Àwọn oníjìbìtì a máa mú fláàṣì kékeré, bí i 4 GB, wọn a kọ́ ọ ní irọ́ kí ó máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé 64 GB ni òun. Bí ẹrù bá ti ju 4 lọ, èyí tí ẹ ń kó sí i yóò máa tẹ ti àtẹ̀yìnwá pa, tàbí kí ó kúkú máa dà sófo. Nínú àwọn àgbà 5 yẹn, 2 ti di ẹni ilẹ̀. Ohùn wọn ti lọ, ta ni mo fẹ́ tún bi?

Nítorí náà, nígbà tí mo rí fláàṣì 64 GB tí wọ́n fẹ́ dín owó rẹ̀ kù fún wa, àyà mi já. N kò sọ pé ayédèrú ni ti ọmọkùnrin yẹn, n kò dán an wò. Ohun tí mo sọ ni pé òun náà kò dán an wò, àwọn òbí kò sì béèrè.

Ti fáírọ́ọ̀sì tún ńkọ́? Fláàṣì ni ẹṣin tí fáírọ́ọ̀sì ń gùn láti ìlú dé ìlú. Ní 2010 ni ayé gbọ́ nípa Stuxnet, èyí tí ó ba ẹ̀rọ jẹ́ ní Natanz lórílẹ̀-èdè Ìráànì, ibi tí ẹ̀rọ wọn kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Fláàṣì ni wọ́n gbà pé ó gbé e wọlé. Bí fláàṣì bá lè wọ irú ibi tí ṣọ́jà ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ti yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún? Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn ọmọ wa. Kí oṣù kan tó pé, wọn á ti yọ fláàṣì 8 yẹn lọ kó orin àti fíìmù sí. Yóò dé ibi gbogbo tí fláàṣì ń dé, yóò sì kó ohun tí ó bá rí níbẹ̀ wálé.

Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ náà, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ wo àwọn kọ̀ǹpútà náà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹ̀tẹ̀ yẹn. Nínú 8, 2 kò tàn rárá, wọ́n kàn gbé wọn sí kọ̀rọ̀ bí ère ni. Mo tan 6 yòókù. RAM 2 GB ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti kà á. Windows 10 ni wọ́n gbé lé e lórí. Ẹrù erin ni wọ́n dì ru ewúrẹ́! Fáánù ibi ìtutù ń sunkún nítorí eruku ti dí i pa. Èyí tí mo kọ́kọ́ jókòó sí, ètò mọ́kànlá ni ó ń ṣí fúnra rẹ̀ kí ó tó dá ọmọ lóhùn, kò sì sí ẹni tí ó ń lò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe olóòótọ́. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tí RAM rẹ̀ kéré tí ó sì ń lo háàdì dísìkì alápá, fláàṣì tòótọ́ lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo 2 tí kò tàn yẹn. RAM wà nínú wọn! RAM kò ju ìka méjì lọ ní fífẹ̀, ó ń yọ, ó sì ń wọ̀. Bí irú kan náà bá ni wọ́n, DDR3 sí DDR3, DDR2 sí DDR2, tí àyè bá sì ṣófo nínú èyí tí ó wà láàyè, a lè yọ ti òkú fún alààyè, kí 2 GB di 4 GB. Kọ́bọ̀ kan kò ní í jáde. Oògùn ti wà nínú yàrá láti ọjọ́ yìí, ọjà ni à ń lọ wá a sí.

Àwọn kan yóò ní, "Ẹ̀bùn ni wọ́n fún wa, a kì í wo eyín ẹ̀bùn." Èmi ní kí a wò ó! Ní 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí kọ̀ńténà 500 ẹ̀rọ àlòkù ni ń wọ Èkó lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà fúnra wọn sì sọ fún wọn pé ohun tí ó tó ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún lè jẹ́ pàǹtí tí kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí irú ẹ̀rọ wọ̀nyí. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ wa.

Òmíràn tún ń bọ̀ lọ́nà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ó ń fún Windows 10 dúró. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ ní òun kò gbà ju kọ̀ǹpútà tí ó ní RAM 4 GB ó kéré tán, tí ó sì ní ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òyìnbó kò ní èyí. Níbo ni ẹ rò pé wọn yóò kó wọn gbà? Ẹ̀yìnkùlé àwa tí a máa ń sọ pé "ẹ ṣeun" kí a tó tú ẹrù wò ni. Bí àwa náà bá sì ti gbà á, a ó fi fláàṣì lẹ̀ ẹ́ bí ẹni fi ìrépé aṣọ lẹ ògiri tó ń wó.

Kì í ṣe pé ojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí kan náà, ní 2013, ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kẹ́ńdìrì, tí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ wà nínú rẹ̀. A ti mọ ẹ̀rọ. Ohun tí a kò tíì mọ̀ ni kí a máa béèrè, bí ẹ̀rọ bá ti dé, pé ta ni yóò máa nu eruku rẹ̀, ta ni yóò máa tún un ṣe, owó wo ni a yà sọ́tọ̀ fún un? Ẹni tí ó ra máṣìnnì, ó mọ̀ pé yóò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kí ló dé tí a fi rò pé kọ̀ǹpútà kì í ṣàìsàn?

Àwọn kan yóò tún ní, "A kò lówó." Ẹ dákẹ́ ná. Owó wà nínú abọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, mo fojú rí i. Ọ̀rọ̀ pé a kò lówó kọ́ ni, ọ̀rọ̀ ibi tí a fẹ́ ná an sí ni.

Èyí ni mo sì wí. Èkíní, kí a yọ RAM inú 2 tí ó ti kú, kí a fi kún ti èyí tí ó bá bá a mu. Èkejì, kí a pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó nu eruku, kí ó pa fáírọ́ọ̀sì, kí ó sì pa gbogbo ètò tí ń jí fúnra wọn. Ẹ̀kẹta, kí a fi owó fláàṣì ra SSD kékeré fún iye tí owó náà bá ká. Bí ó bá ká 2, kí a ṣe 2. Bí ó bá ká 3, kí a ṣe 3. Kọ̀ǹpútà 3 tí ń sáré sàn fún ọmọ ju 8 tí ń wọ́ lọ, nítorí wákàtí kan tí a bá fún ọmọ á jẹ́ wákàtí kan lóòótọ́. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó bá ṣẹ́kù, tí agbára rẹ̀ kò gbé Windows, kí a gbé Linux fúyẹ́ kan lé e. Ọmọ Finland kan, Linus Torvalds, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ sì gbọ́ èyí o: fláàṣì kan ṣoṣo tó ni, òun la ó fi gbé Linux wọ inú gbogbo wọn. Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí o dìde lọ́jọ́ yẹn, má ṣe rò pé mo kórìíra ọjà rẹ. Mú ọ̀kan wá, kí ó jẹ́ ojúlówó, kí a dán an wò níṣojú gbogbo wa kí a tó sanwó. Iṣẹ́ wà fún un. Ṣùgbọ́n má tún pè é ní oògùn mọ́.

Ìwọ náà, àbúrò mi tí o jáde ní yunifásítì, mo kí ọ. Mo mọ iyì ìwé, nítorí owó kò jẹ́ kí n ka tèmi dé ibi tí mo fẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú. Ẹni tí ó kàwé tí kò ṣí kọ̀ǹpútà wò, tí ó wá ń fi ẹ̀rín pa ẹni tí ó ní kí a ṣí i wò lẹ́nu mọ́, kí ni ìwé yẹn ṣe fún ìlú?

Ìpàdé kejì ń bọ̀. Mo ti ra súkúrúdíráfà kan, inú àpò tí mo fi ń lọ sílé ni ó wà. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n tún rẹ́rìn-ín, n óò kúnlẹ̀ sídìí kọ̀ǹpútà tí ó ti kú yẹn, n óò ṣí ìdí rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun yóò bá mi tan iná. JAMB kò ní í dúró dè é, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni wọn yóò fún un lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà bákan náà.